Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Méjì Lórí Àbá Ìnáwó Ìjọba ní Ìlọrin: Bí Mo Ṣe Rí I

Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ni mo fi jókòó nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní tòsí òpópónà Táíwò ní Ìlọrin, níbi tí amòfin obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń ka ìwé àbá ìnáwó ìjọba, àti ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ lójú òfin. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ wa.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ dùn mí púpọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni mí ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ní ìpàdé wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú fóònù jáde, ó sì ka ìlà kan tó rí nínú ìwé àbá ìnáwó, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú wa àti gọ́tà ọjà sí, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di pé owó gọ́tà ti jáde, ta ló kó o jẹ? Alága wa, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni wọ́n nàka sí. Mo mọ̀ pé bàbá náà kò rí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí àlàyé kankan ṣe tí yóò gbà á sílẹ̀, nítorí èmi náà kò mọ irú ìwé tí wọ́n ń kà.

Àlàájà, bí gbogbo wa ṣe ń pe olùkọ́ náà, kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin. Ó ní kí bíríkìlà kan tó wá láti Ọ̀fà sọ ohun tó máa ń kọ sínú ẹ́sítímétì fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ọkùnrin náà ka sìmẹ́ǹtì, yanrìn, irin àti owó iṣẹ́.

“Nígbà tí ẹ kọ ọ́ tán, ṣé owó ti dé ọwọ́ yín nìyẹn?”

“Rárá o, Àlàájà. Ó di ìgbà tí onílé bá fọwọ́ sí i.”

“Níbi ti ìjọba ńkọ́, ta ni onílé?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà náà ló wá ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí abala 121, tó ní kí Gómìnà mú kí wọ́n ṣírò owó tí yóò wọlé àti èyí tí wọ́n fẹ́ ná ní ọdún tó ń bọ̀, kí ó sì gbé e ka iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni àbá ìnáwó, àwọn aṣòfin mẹ́rìnlélógún tí a dìbò yàn ní Kwara ló sì ń dúró fún onílé. Wọn yóò kó àwọn orí ìnáwó inú rẹ̀, ìyẹn ìsọ̀rí ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé, sínú àbádòfin ìṣúná. Bí èyí kò bá tíì di òfin, abala 120 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fa owó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yọ nínú àpò ìjọba.

Àlàyé tó tẹ̀ lé e nìkan tó owó tí mo san. Nígbà tí Ilé bá tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i tí Gómìnà sì ti buwọ́ lù ú, àyè láti náwó ni òfin náà fún ìjọba, pẹ̀lú iye tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sọ pé owó náà ti wà nílẹ̀. Ìrètí ni ìṣirò owó tí yóò wọlé, nítorí náà, bí èyí tó ń ti Àbújá wá bá dín kù, tàbí tí owó orí kò wọlé tó bí wọ́n ṣe rò, ìlà iṣẹ́ kan lè wà nínú òfin láti oṣù kìíní dé ìkejìlá láìrí kọ́bọ̀. Bí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orí ìnáwó kan kò bá sì tó, àfikún àbá ni wọn yóò tún gbé lọ síwájú Ilé. Ó tún ya púpọ̀ nínú wa lẹ́nu pé owó oṣù Gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà kì í dúró de àbádòfin yìí, nítorí ìwé òfin fúnra rẹ̀ ti gbé e lé àpò ìjọba lórí ní abala 124.

Lọ́jọ́ kejì, a ka ojú ewé gan-an. Nọ́ńbà 21 ló ṣáájú owó òṣìṣẹ́, 22 ṣáájú ìnáwó ojoojúmọ́, 23 sì ṣáájú iṣẹ́ ńláńlá bí ilé àti ọ̀nà. Mo fi ìka tọ ìlà gọ́tà wa láti 23 lọ sápá ọ̀tún. Níbi iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, àmì òfo ni. Níbi iye tí wọ́n ti ná, àmì òfo. Iye tí wọ́n ń bèèrè fún ọdún tó ń bọ̀ nìkan ló ní owó. Àbá ni ọ̀dọ́ wa kà, kì í ṣe òfin. Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí ni a fi ń bú àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ní àbùkù. Ní wákàtí àkọ́kọ́, “ìṣúná” ni Àlàájà ń pe àbá, òun náà ló ń pe òfin, bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ àìya méjèèjì sọ́tọ̀ gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ nílùú wa. Ì bá dára kó mú “àbá ìnáwó” fún ọ̀kan àti “òfin ìṣúná” fún èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ni wọ́n fi tẹ ìwé tí wọ́n pín, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sì ti gé ìlà tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí iye owó gan-an wà. Fóònù mi ni mo fi rí tèmi kà. Wọ́n sáré kọjá lórí àyẹ̀wò owó, abala 125, tó fún olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti jábọ̀ fún Ilé lẹ́yìn tí ìwé ìṣirò bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi ọjọ́ kẹta kún un.

Síbẹ̀, mo rọ akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ ìlú kí wọ́n lọ. Kí wọ́n tẹ ojú ewé tó kan ìlú wọn jáde nílé, kí wọ́n sì mú un dání. Mo ti ka ìlà wa fún ìpàdé láti òsì dé ọ̀tún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí náà dọ̀bálẹ̀ fún alága lójú gbogbo wa, bàbá sì ní kí ẹgbẹ́ san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kí òun náà lè lọ.