Olodo méjì, tíkẹ́ẹ̀tì kan: ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwéè n'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá mi rà ló gbé Mọ́mì mi lọ síbi tí wọn ò dé rí láyé wọn. Ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Under G ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà, kò jìnnà sí LAUTECH, yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá. Tíntín ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, POS, fọ́ọ̀mù JAMB, fótókópì, wọ́n sì tún ń bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwéè Èkó sí Ìbàdàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa ò kúkú ní réluwéè n'Ógbómọ̀ṣọ́, a ò ní in rí. Nígbà táwọn òyìnbó ń fi irin lélẹ̀, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó yà gba Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà lọ Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àtàwa sílẹ̀ lápá kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 láti ọ̀dọ̀ wa níbí, mọ́tò ló máa wọ̀, á gba Ọ̀yọ́ kọjá, á sọ̀ ní Mọ́níyà, níbi tí tésàn Ìbàdàn wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àbúrò mi bímọ, Olodo ló ń gbé n'Íbàdàn, ẹ̀yìn Mọ́natán lọ́nà Ìwó. Mọ́mì wà l'Ágége, ẹ̀rù èkísípíréésì ń bà wọ́n, wọ́n ní réluwéè làwọn fẹ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Mọ́mì láti Agége, Olodo ni wọ́n ń lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà wo inú rẹ̀, Olodo wà níbẹ̀, ó tẹ Olodo, ó yí i sí mi kí n wò ó, mo kà á, mo sanwó, mo fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì lórí WhatsApp, inú mi tún wá ń dùn pé áà, réluwéè ti wá dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi báyìí.

Kò dé bẹ̀ o. Olodo ojú irin, ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, téèyàn bá ti kọjá Abẹ́òkúta tí kò tíì dé Omi-Àdìó. Olodo tàbúrò mi, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òdìkejì Ìbàdàn pátápátá. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, Mọ́níyà ló yẹ kó sọ̀.

Mọ́mì sọ̀ tàwọn ti báàgì méjì àti kúlà oúnjẹ, wọ́n wò yíká, wọ́n pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ní kí n sọ̀ sí?" Àyà mi já. Mo pe ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbé e, ọjọ́ Sátidé ni, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ní tésàn yẹn, Ọlọ́run á bá wa sàn án fún un, ló bá wọn wá ọ̀kadà dé títì Abẹ́òkúta, wọ́n wọ mọ́tò dé Apata, láti Apata wọ́n wá la gbogbo Ìbàdàn já. Ó ti ju aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, oúnjẹ inú kúlà ti tutù. Ọpẹ́ ni pé ọjọ́ kejì la fẹ́ sọmọ lórúkọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá wọn, mo ti múra ìjà láti ilé. Mo rò pé ọ̀gá ibẹ̀ máa sọ ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ ni, ẹ má bínú, iṣẹ́ èṣù ni, tàbí kó kọjú sí ọmọbìnrin yẹn kó máa bú u lójú mi kí n lè rò pé ó ti ṣe nǹkan sí i. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó gbé àga fún mi, ó mú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ wo gan-an lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn?" Mo sọ fún un. Ó bi ọmọbìnrin náà jẹ́jẹ́, kí lo rí lójú kọ̀ǹpútà? Ìyẹn náà sọ tiẹ̀. Ọ̀gá wá fúnra ẹ̀ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é, Olodo kan ṣoṣo náà ló jáde, kò sí ìpínlẹ̀ lára ẹ̀, kò sí nǹkan tó máa ta èèyàn lólobó. Mo rí i níbẹ̀ pé ká ní èmi ni mo jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ohun kan náà ni mo máa tẹ̀.

Kò tíì tán o. Ó ṣí ìwé yẹn padà sẹ́yìn, ó ń wá Olodo. Méjì jáde. Ó pe àwọn méjèèjì lójú mi. Ọ̀kan ní ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn òun ní Ògùn lòun lọ lóòótọ́. Èkejì ní háà, ẹ̀yin lẹ já mi síbi tí mi ò mọ̀! Ọjọ́ ti pẹ́, kò padà wá fẹjọ́ sùn, ó kàn lọ bá ẹlòmíì ni.

Ibi tí mo ti gba ti ọkùnrin yìí nìyẹn. Láti ìgbà tí réluwéè ti kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní Ṣógúnlẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2023, téèyàn 6 kú, ni mo ti máa ń ka bí wọ́n ṣe ń wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, ló ń ṣe é nílẹ̀ wa, iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe ta ló jẹ̀bi, kóòtù àti ọlọ́pàá ló ni ìyẹn. Tiwọn ni pé kí ló fà á, kí la máa ṣe tí irú ẹ̀ ò fi ní wáyé mọ́. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Ladbroke Grove ní London, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 1999, réluwéè méjì forí sọ ara wọn, èèyàn 31 kú. Dírẹ́bà kan kọjá iná pupa, òun náà sì kú, ì bá rọrùn kí wọ́n di gbogbo ẹ̀ rù ú kí wọ́n sì pa fáìlì dé. Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé kò tíì pẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé iná yẹn ò hàn dáadáa, pé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni réluwéè ti kọjá iná pupa kan náà yẹn láàárín ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ! Ìwádìí yẹn ló bí RAIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá réluwéè tí wọ́n ní báyìí, 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe é fi wé ẹ̀mí èèyàn, àmọ́ ìbéèrè kan náà lọ̀gá yìí béèrè, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?

Nígbà tí mo tún máa débẹ̀, wọ́n ti lẹ káádíbọ́ọ̀dù ńlá mọ́ ògiri, gbogbo tésàn, ìpínlẹ̀ tó wà, ìlú ńlá tó sún mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Britain ń ṣe, Gillingham méjì ló wà lójú irin tiwọn, ọ̀kan ní Kent, ọ̀kan ní Dorset, wọ́n máa ń fi Kent tàbí Dorset sẹ́yìn orúkọ náà. Àwa gan-an ló yẹ ká ti máa ṣe é tipẹ́, Èjìgbò Èkó àti Èjìgbò Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wa níbí ńkọ́? Ìkòyí Èkó àti Ìkòyí-Ilé? Ẹni tó bá ti fi wáìbíìlì ránṣẹ́ rí mọ̀ ọ́n. Orí káádíbọ́ọ̀dù yẹn ni mo tún ti rí i pé tésàn Omi-Àdìó ni wọ́n fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá sọ, ọmọ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin yẹn ní akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ti pè láti Èkó rí pé kí wọ́n ra ti Ládòkè fóun, ó rò pé réluwéè ń dé iwájú yunifásítì ni.

Máàkì kan tí mo yọ, torí fóònù Sátidé yẹn ni. Ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò gbọ́dọ̀ máa gbé fóònù lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ó dá owó iṣẹ́ ẹ̀ padà fún mi lóòótọ́, àmọ́ owó ọ̀kadà àti mọ́tò tí Mọ́mì ná, kò mẹ́nu bà á, ó sì yẹ kó mẹ́nu bà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra òmíì fún Mọ́mì, wọ́n fẹ́ wá wo ọmọ. Ọmọbìnrin yẹn ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó fi bi mí pé ìpínlẹ̀ wo, ìlú wo ló sún mọ́ ọn, ta ló ń wá pàdé wọn níbẹ̀. Ó kọ Mọ́níyà sínú ìwé, ó ní kí n kà á sókè. Bàbá kan tó dúró lẹ́yìn mi ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá, kí ni gbogbo ìbéèrè yìí? Mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ ó béèrè.