Brain box mọ́tò yín, ta ni kí ẹ fi lé lọ́wọ́? Ìfiwéra àwọn tùnà tó ń ṣiṣẹ́ láti òkèèrè

Subaru WRX ọdún 2017 ni mò ń wà ní Houston. Ọwọ́ mẹ́ta ni brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti kọjá: ọ̀gá kan níbí tó ní dáínò, ẹ̀rọ rólà tó ń wọn agbára mọ́tò, ní ṣọ́ọ̀bù, àti tùnà méjì, àwọn tó ń tún ètò inú brain box ṣe, tó jẹ́ pé orí ímeèlì nìkan la ti mọ ara wa. Àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò eléré máa ń pè mí, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fún mi ní horsepower jù?" Ìbéèrè yẹn ti fọ́ ẹ́ńjìnnì ẹni méjì tí mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní láptọ́ọ̀pù lè fi kún horsepower. Ojú tó máa ka lọ́ọ̀gì yín láìfo ìlà kankan lẹ ń fowó wá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: ẹ ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọ ojú OBD lábẹ́ sítíárìn. Ti Subaru tó wọ́pọ̀ jù ni Accessport tí Cobb ń ṣe. Àwọn oní-Honda ń lo FlashPro ti Hondata, oní-Camaro àti oní-Mustang ń lo HP Tuners, EcuTek ló wọ́pọ̀ fún Nissan GT-R àti Toyota 86. Tùnà á fi máàpù ránṣẹ́, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó gbé e sínú mọ́tò, ẹ ó wà á, ẹ̀rọ yẹn á máa kọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni lọ́ọ̀gì. Ẹ ó fi ránṣẹ́ padà, á wò ó, á tún máàpù ṣe, ẹ ó tún gbé e wọlé, títí á fi gún.

BMW ní tiẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì B58 tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí àárín ọdún 2020 síwájú ni wọ́n tì pa. Kí tùnà tó lè fọwọ́ kan án, ọ̀pọ̀ ló ti ní láti tú kọ̀ǹpútà náà kúrò lára mọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Finland fún ṣíṣí. Ẹ fi owó yẹn àti ọjọ́ tí mọ́tò máa fi dúró nílẹ̀ kún ìṣirò yín kí ẹ tó bá tùnà kankan dúnàádúrà.

Rẹdiméèdì àbí télọ̀

Accessport kì í wá lọ́wọ́ òfo. Máàpù rẹdiméèdì wà fún un. Stage 1 wà fún mọ́tò tó ṣì wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ọ̀tọ̀ ni ti epo 91, ọ̀tọ̀ ni ti 93 (nọ́ńbà octane nìyẹn, bí epo ṣe lè dúró tó láìgbiná fúnra rẹ̀). Bí mọ́tò yín kò bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má san kọ́bọ̀ fún tùnà kankan. Mo mọ̀ pé inú àwọn tùnà kò ní dùn sí ohun tí mo sọ yìí.

Ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ páìpù tó ń fa atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú páìpù yẹn tó ń ka atẹ́gùn tó ń wọlé, iye tó bá kà ni kọ̀ǹpútà fi ń bu epo. Bí páìpù tuntun bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà tí ìyá oníìrẹsì gbé kóńgò ńlá jáde, tí ọmọ tó ń gbowó ṣì ń gba owó kóńgò kékeré. Atẹ́gùn pọ̀, epo kò tó. Àbúrò mi kan ní Katy de irú páìpù bẹ́ẹ̀ mọ́ tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó ní ohùn rẹ̀ dùn létí òun. Iná check engine ti tàn kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Àfi bí páìpù yín bá wà lára àwọn tí máàpù rẹdiméèdì dárúkọ gan-an, télọ̀ lẹ nílò.

Àwọn mẹ́ta tí mo lò

Ọ̀gá onídáínò ni mo kọ́kọ́ bá lọ. $700 ló gbà, ó sì parí iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Mọ́tò wà lórí rólà, òun dúró tì í, ìyẹn sì ni ohun tí ẹni orí ímeèlì kò lè ní láéláé: ó gbóòórùn kílọ́ọ̀ṣì mi tó ti ń yọ̀ kí èmi tó mọ̀ pé ó ti jẹ tán. Àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, nínú yàrá kan ṣoṣo, nínú oṣù kìíní. Bí mọ́tò ṣe ń ta gìrì nínú go-slow I-10, bó ṣe ń jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì tutù, dáínò kò rí ìyẹn. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé tí Houston di ààrò, mo padà lọ, mo sì tún sanwó.

Mo wá lọ bá tùnà orí ímeèlì àkọ́kọ́. $350. Ohun tó fà mí mọ́ ọn ni pé ó yára bí àṣá. Bí mo bá fi lọ́ọ̀gì ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti dáhùn pé ó dáa, kí n fi òmíràn ránṣẹ́. Inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kan ni mo fúnra mi ṣí fáìlì náà ní Excel. Níbi tí mo ti tẹná dé ilẹ̀, tí RPM wà ní 3,850, òpó Feedback Knock ka −2.81, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìlà mẹ́fà gbáko. DAM, tó yẹ kó dúró sí 1.0 gbọn-in, ti já sí 0.875.

Nílé, bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ló ń túfọ̀. Nọ́ọ̀kì tí àwọn tùnà ń sọ kò tíì dé ibẹ̀: epo ló ń gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà, kọ̀ǹpútà gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì fa àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn. −2.81 yẹn ni ìwọ̀n tó fi fà á. DAM ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí kọ̀ǹpútà ní nínú epo àti máàpù. Bó bá ti ń já wálẹ̀, ara ti ń fu ú. Nọ́ọ̀kì tùnà tí a bá fojú fò dá ló ń di nọ́ọ̀kì mẹkáníìkì. Ẹni tó dáhùn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ṣí fáìlì yẹn rárá, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Ẹnì kejì gba $500, ó sì tó ọjọ́ méjì kí n tó máa gbúròó rẹ̀. Kó tó gbowó, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tó gùn bí fọ́ọ̀mù físà: máìlì mélòó ni ẹ́ńjìnnì ti rìn, ìgbà wo la pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ṣé ó ń jẹ oil, ilé epo wo ni mo ti ń rà. Ó ní kí n ya fọ́tò páìpù atẹ́gùn, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn. Fọ́tò yẹn ló tú àṣírí: páìpù ilé iṣẹ́ mìíràn ni tùnà àkọ́kọ́ fi ṣírò máàpù tó fún mi. Ìdáhùn ẹnì kejì yìí kì í gùn, àmọ́ á dárúkọ ìlà. "Ìlà 212 sí 217, mo ti fa tàìmíìnì sẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ má tẹná kọjá ìdajì títí ẹ ó fi gbé máàpù tuntun wọlé." Mo fi ọjọ́ méjì yẹn jì í.

Ọ̀nà kẹrin wà tí mo fẹ́ràn ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ: ẹ háyà dáínò fún wákàtí méjì, kí tùnà orí ímeèlì máa gba lọ́ọ̀gì bó ṣe ń jáde, kó máa dá máàpù padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó bá a dá àkókò ṣáájú. Owó rẹ̀ lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ṣe lọ́ọ̀gì náà lójú títì, jíà kẹrin dé ibi pupa lórí WRX ti kọjá 90 máìlì ní wákàtí kan, ọlọ́pàá Texas kò sì ní bi yín bóyá lọ́ọ̀gì lẹ ń ṣe.

Epo, àti ẹ̀tàn tó wà nínú nọ́ńbà rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tí ẹ fẹ́ lo tùnà Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù Amẹ́ríkà àti ti ìlú Ọba, ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. 93 ti Texas sún mọ́ 98 lọ́dọ̀ yín. 95, tó jẹ́ E10 tí gbogbo ènìyàn ń rà láti 2021, kò ju nǹkan bí 91 lọ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé "95 ni mò ń rà", tùnà tí kò bá ronú sí i á rò pé epo yín dára ju tiwa lọ, á wá fi iná sí i. Ẹ kọ ọ́ pé 95 RON, RON ni orúkọ ìwọ̀n tiyín, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé epo.

E85, epo tí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀, náà kì í dúró sójú kan. Òfin gbà á láyè láti ní èròjà ethanol láti 51 títí dé 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń yí pẹ̀lú ìgbà òtútù. Tùnà tó bá ní kí ẹ máa da E85 sí i láìní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ethanol, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kó gba máàpù ti ilé kí mọ́tò tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ilé epo ní Èkó kì í to 87, 91 àti 93 kalẹ̀ fún yín láti mú. Ẹ jẹ́ kí Accessport bá mọ́tò náà lọ.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ bi wọ́n bóyá máàpù máa jẹ́ títì. Ọ̀pọ̀ tùnà máa ń ti iṣẹ́ wọn pa kí ẹlòmíràn má bàa jí i. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá jà, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ bi wọ́n iye ìgbà tí wọ́n máa ṣe àtúnṣe àti oṣù mélòó ni owó yẹn bò. Ní ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó máa ka tiyín. Olókìkí tí ẹ rí lórí YouTube lè máà rí lọ́ọ̀gì yín láéláé.

Ìbéèrè tí mo fi ń dán wọn wò gan-an nìyí: "Níbo lẹ máa ti dá tọ́ọ̀kì dúró?" Tọ́ọ̀kì ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí. Irin tó di písítìn mú nínú ẹ́ńjìnnì FA20 ti WRX yìí kò fẹ́ tọ́ọ̀kì ńlá nígbà tí RPM ṣì wà nísàlẹ̀. Tùnà tó mọ̀ ọ́n á sọ nọ́ńbà kan, á sì sọ ìdí. Ẹni tó bá ní ẹ fọkàn balẹ̀, òun á "tú u sílẹ̀", kì í ṣe mọ́tò tirẹ̀ ló fẹ́ tú.

Ti òfin kò gùn. Tùnà tó bá ń ṣèlérí láti pa kátálístì tàbí sẹ́ńsọ̀ èéfín lórí mọ́tò ojú títì, ó ń kó yín sí gbèsè. Cobb fúnra wọn yọ irú rẹ̀ kúrò nínú sọ́fítíwíà wọn ní 2022, wọ́n sì bá ìjọba Amẹ́ríkà parí ẹjọ́ ní 2024 pẹ̀lú owó ìtanràn. Texas ti dá ìyẹ̀wò ààbò mọ́tò dúró láti January 2025, ìyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris County tí Houston wà. Ní ìlú Ọba, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì pé ẹ ti tún mọ́tò tò, kó má di ọjọ́ jàǹbá kí wọ́n tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbàgbé: Accessport tọ́kùnbọ̀ tó ṣì so mọ́ mọ́tò ẹni tó tà á kò wúlò fún yín. Ẹ jẹ́ kó tan án lójú yín, kí ojú ẹ̀rọ náà fi hàn pé kò so mọ́ mọ́tò kankan, kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, ooru mú, mo rí −1.41 níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti sanwó fún ẹnì kejì yẹn. Mo fi lọ́ọ̀gì ránṣẹ́, mo múra sílẹ̀ láti gbọ́ iye tuntun. Ọjọ́ méjì kọjá bó ṣe máa ń rí. Ìdáhùn tó wá kò ní iye kankan nínú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "Ṣé ẹ ti pààrọ̀ ilé epo ni?"

Mo ti pààrọ̀ ilé epo.