Ìkòkò móká onífe mẹ́ta: bó ṣe ń bá kọfí robusta tiwa ṣe ní Èkìtì

Bó bá jẹ́ kọfí robusta, ọ̀kan nínú irú kọfí méjì tó wọ́pọ̀ jù, lẹ ń mu, tí ẹ ò sì fẹ́ kí iná mànàmáná máa pinnu ìgbà tí ẹ máa mu ún, ìkòkò móká ni kí ẹ rà. Mo ti lo asẹ́ onípépà tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí lórí, mo ti lo ife onígíláàsì tí wọ́n ń ti asẹ́ rẹ̀ wọlẹ̀, mo sì ti sè é nínú ìkòkò kékeré bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń ṣe é. Kò sí èyí tó mú robusta dùn tó báyìí. Ohun méjì ni ìkòkò yìí ń béèrè: iná tó lọ sílẹ̀ dáadáa, àti kọfí tí wọ́n lọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá ní ráyè méjèèjì, kó má wulẹ̀ náwó sí i.

Ọdún 1933 ni Alfonso Bialetti gbé irú ìkòkò yìí jáde ní Crusinallo, ní àríwá Ítálì. Èyí tí mò ń gbé yẹ̀ wò níbí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ Bialetti. Àwòkọ rẹ̀ ni, alumíníọ́mù, onígun mẹ́jọ, irú èyí tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó pín sí mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ni omi ń wà, fáàfù kékeré sì wà lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àrọ kan ń bọ́ sínú omi náà, ẹnu àrọ yìí la ń kó kọfí sí. Òkè ni kọfí tó jinná ń rú sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wáṣà róbà àti asẹ́ pẹlẹbẹ wà. Bí iná bá mú ìsàlẹ̀, ooru tó há sínú rẹ̀ á ti omi gba inú àrọ, kọjá lára kọfí, lọ sókè. Agbára tó fi ń tì í kò ju bar 1 sí 2 lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn irú agbára yìí), nígbà tí ẹ̀rọ espresso, kọfí kíki àwọn ará Ítálì, ń lo nǹkan bí 9. Kí ẹnikẹ́ni má retí espresso níbẹ̀. Kọfí tó ki, tó dúdú, tó sì lágbára ló ń jáde, ṣùgbọ́n kò ní ìfófòó tó nípọn lórí.

Ife mẹ́ta tí wọ́n kọ sára páálí ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ife kékeré àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń wí, èyí tí kò gbà ju nǹkan bí mìlílítà 40 sí 50 lọ. Gbogbo ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlílítà 120 lọ, kò lè kún ìdajì kọ́ọ̀pù ńlá tí a fi ń mu tíì. Ẹni méjì ló tó. Onífe mẹ́fà dára tí ẹ bá pọ̀ nílé ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè po ìdajì nínú rẹ̀: bí kọfí kò bá kún ẹnu àrọ, omi á wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn gbà, apá kan kọfí á korò jù, apá kan ò ní jáde rárá.

Robusta tí mò ń lò ń wá láti ẹ̀bá Kábà àti Ìyàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí kò jìnnà sí Òmùò-Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì náà wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Ilẹ̀ tó lọ sílẹ̀, tó móoru, ni robusta fẹ́. Arabica, irú kejì, ń fẹ́ òkè tó tutù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí òkè Mambilla ní Tàrábà ni tiwa ti ń wá. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú robusta, mi ò sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ó korò ju arabica lọ lóòótọ́, kò sì ní òórùn òdòdó tí wọ́n fi ń yin kọfí Etiópíà. Ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu, kíkan rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ta sánsán tí wọ́n bá yan án re. Ní Naples àti gúúsù Ítálì, wọ́n ń lú robusta mọ́ arabica kí kọfí wọn lè ki. Ní Vietnam, òun ni wọ́n ń jẹ́ kó máa kán látinú asẹ́ phin sórí mílíìkì dídùn. Arabica Mambilla nínú ìkòkò móká máa ń kan jù lẹ́nu mi. Inú asẹ́ onípépà ló ti dùn.

Káfíìnì ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ti robusta tó nǹkan bí ìdá 2.2 sí 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ti arabica wà láàárín 1.2 sí 1.5. Gíráàmù 16 robusta lè ní ju mìlígíráàmù 300 lọ nínú. Mìlígíráàmù 400 lóòjọ́ ni àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kí àgbàlagbà má kọjá, 200 fún aláboyún. Nítorí náà, kí ẹnì kan má dá ìkòkò kan mu, pàápàá lálẹ́.

Kọfí tí wọ́n ti yan tà sábà máa ń jóná. Àwọn ará Etiópíà ń yan tiwọn nínú agbada pẹlẹbẹ kí wọ́n tó sè é nínú jebena, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń se kọfí, ó sì yẹ kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra hóró tútù, kí ẹ ṣa èyí tó dúdú àti èyí tí kòkòrò ti lu kúrò. Gíráàmù 150 lẹ́ẹ̀kan nínú agbada irin, lórí iná àárín, láìfi iyanrìn sí i, ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta páú-páú. Ooru rẹ̀ ti sún mọ́ 196°C nìyẹn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i, kí ẹ dà á sórí àtẹ, kí ẹ fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù. Bí òróró bá ti ń dán lára hóró, yíyan ti pọ̀ jù fún ìkòkò yìí. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ẹ má gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ ata. Bó ti wù kí wọ́n fọ ẹ̀rọ náà tó, ata gbígbẹ á ba kọfí yín lọ. Bílẹ́ńdà náà kò dára tó, torí ńṣe ló ń gé e: apá kan á di lẹ́búlẹ́bú, apá kan á ṣì rí gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ẹ̀rọ ìlọ kọfí tí a ń fọwọ́ yí ni kí ẹ wá. Kó kúnná ju gàrí lọ, kó má sì kúnná tó èlùbọ́.

Omi fláàsìkì tó ṣì gbóná dáadáa ni mo máa ń dà sí ìsàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ojú fáàfù, nǹkan bí mìlílítà 150. Bí ẹ bá fi omi tútù bẹ̀rẹ̀, kọfí á ti máa yan lórí iná kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gíráàmù 15 sí 16 á kún ẹnu àrọ. Ẹ gbọ̀n ọ́n kó tẹ́jú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka nu etí àrọ, torí èérún kọfí díẹ̀ lábẹ́ wáṣà ti tó láti jẹ́ kí ooru máa sá jáde. Ẹ fi aṣọ di ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ yí òkè mọ́ ọn pinpin. Ẹ má fi ọwọ́ ìkòkò yí i, ibẹ̀ ló ti máa ń kán.

Ojú iná tó kéré jù lórí gáàsì ni kí ẹ gbé e sí, kí ahọ́n iná má yọ kọjá ìdí ìkòkò. Ìdí onífe mẹ́ta kéré, ó lè yẹ̀ láàárín irin gáàsì, ẹ tẹ́ irin alásẹ́ sí i lábẹ́. Lórí eléèédú, ẹ fi eérú bo ẹyin iná kó lè rọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jó. Ẹ ṣí ọmọrí sílẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀pá àárín. Kọfí tó kọ́kọ́ yọ á dúdú, á máa ṣàn jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá láìta. Lẹ́yìn náà á pọ́n, á wá di àwọ̀ oyin. Bó bá ti di àwọ̀ oyin, ẹ pa iná, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ ka aṣọ tútù lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá dúró títí tó fi ń pariwo, ooru lásán ló ń gba inú kọfí tó ti tán kọjá, ìkorò ló sì ń fà wá. Ẹ rò ó kí ẹ tó bù ú, torí èyí tó kọ́kọ́ jáde ki ju ti ìkẹyìn lọ.

Ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Robusta tó dára á ní adùn ẹ̀pà yíyan àti kòkó tí kò ní ṣúgà. Èyí tó ń rùn bíi róbà tó jóná, hóró rẹ̀ ni kò dára, kì í ṣe ẹ̀bi ìkòkò. Mílíìkì agolo díẹ̀ bá a mu, àkàrà gbígbóná náà sì bá a mu ní àárọ̀.

Bí kọfí kò bá yọ, tí fáàfù wá ń sú fèrè, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó tú u: ó ti kúnná jù, tàbí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá sáré yọ, tó pọ́n, tó sì ṣàn bí omi, ó rí gbàǹgbà jù, tàbí kọfí kò kún àrọ. Bí omi bá ń sẹ̀ ní ìdè àárín, wáṣà ni.

Omi gbígbóná àti ọwọ́ nìkan ti tó láti fi fọ̀ ọ́; irin ìfọkòkò á há a lára. Ẹ gbẹ ẹ́ kí ẹ tó to ó jọ, torí alumíníọ́mù tí wọ́n pa mọ́ ní tútù máa ń di funfun lára, á sì máa jẹ ihò. Ẹni tí omi kànga tàbí bọ̀húù rẹ̀ bá ń fi funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sè é láìfi kọfí sí i, kó sì ṣàn án dáadáa. Fáàfù ni ẹfun yẹn máa ń dí.

Àléébù tó le jù lára àwòkọ yìí ni wáṣà rẹ̀. Róbà náà ń le, ó ń sán, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti Bialetti mu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ní wáṣà ìkòkò yẹn gan-an lọ́wọ́, kí ẹ sì ra méjì mọ́ ọn. Bí kò bá ní, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó ń lo sítóòfù iná mànàmáná oníndọ́kṣọ̀n, èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì mú ìdí ìkòkò gbóná, ní tirẹ̀, alumíníọ́mù kò ní gbóná lórí rẹ̀. Ti irin tí kì í dípẹtà, tó ń fa mágínẹ́ẹ̀tì, ni kó rà.