The Giver tàbí Delirium: èwo ni kí ẹ fowó rà?

Ìwé méjèèjì ló wà nílé mi. Ọ̀kan ti gbó nítorí kíkà, ìkejì ṣì ń dán.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ: ìlú tí òfin ti ka ohun tó ń ru ọkàn sókè léèwọ̀. Nínú The Giver tí Lois Lowry kọ lọ́dún 1993, hóró oògùn ni wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, wọn ò tiẹ̀ rí àwọ̀ pupa mọ́. Nínú Delirium tí Lauren Oliver kọ lọ́dún 2011, ìfẹ́ ni wọ́n sọ di àrùn. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lọ́pọlọ. Ọjọ́ 95 ló kù fún Lena, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìtàn olólùfẹ́ lẹ ń wá, Delirium ni. Òun ló nípọn jù, èdè rẹ̀ sì dùn.

Àmọ́ ìparí ìtàn ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó, torí ibẹ̀ ni owó mi lọ. Ìwé ẹyọ kan ni mo pe Delirium. Mo jókòó tì í di ìdájí, mo dé ìdí odi ìlú níbi tí gbogbo nǹkan ti dàrú, mo ṣí ojú ewé, ó tán! Ni mo bá ń wá Pandemonium (2012), ìwé kejì rẹ̀, kiri. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tún dúró de ìkẹta, Requiem (2013). Nígbà tí mo ka ìyẹn tán, mo ṣì ń yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò bóyá ewé kan ló já.

Ká sòótọ́, The Giver náà parí síbi téèyàn ò ti lè búra pé ara Jonas, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, le. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó. Mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gathering Blue (2000) ti mú ọmọ mìíràn, Kira, ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró sórí àkọ́kọ́ ò pàdánù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí Jonas bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn òun. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ò nítumọ̀ mọ́, kó wá èyí tó ṣe rẹ́gí. Wọn ò bínú, wọn ò sì ṣe ìkà; ohun tó dùn mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Odidi ìwé mẹ́ta ti Delirium ò ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ ra The Giver fún, ẹ kọ́kọ́ kà á. Iṣẹ́ tí bàbá Jonas ń ṣe lè kó ẹ̀rù bá a.

N ò gbè sẹ́yìn ìkankan o, ìwé gidi ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ Delirium kó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tàbí kó wá yá tèmi, ó pé. The Giver mi ò ní í jáde nílé.