Asẹ́ omi eléédú tí mo rà ní Ouando

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo rà á lọ́jà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́, 18,500 fráǹkì. Korobá ike méjì ni, ọ̀kan jókòó lórí èkejì, ọ̀pá amọ̀ funfun kan tí èédú kún inú rẹ̀ wà láàárín. Mo máa ń bu omi kànga sí i lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jò tán sísàlẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló tì mí débẹ̀. Ó ń gbé ní Falmouth, ní Cape Cod, l'Amẹ́ríkà. Pápá ìdánrawò àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Camp Edwards kò jìnnà sí wọn. Ẹ̀tù tó ń jẹ́ RDX ti ibẹ̀ jò wọnú omi abẹ́ ilẹ̀, omi yẹn náà sì ni àwọn aráàlú ń mu. Ní 1997 ni EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ní kí ìyìnbọn dúró. Mo ti ṣe ṣọ́jà rí, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọta àgbá tó bú gbàmù máa ń jó ẹ̀tù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tó kàn là sí méjì ló burú, ẹ̀tù á fọ́n sílẹ̀ bí iyọ̀. TNT, ẹ̀tù mìíràn, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. RDX kì í lẹ̀, òjò á gbé e lọ sísàlẹ̀, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn bíi tiwọn. Ojú kì í rí i nínú omi, síse kì í sì í lé e. Èédú ni wọ́n fi ń mú un níbẹ̀: wọ́n á fa omi sókè, wọ́n á gbà á gba inú táńkì èédú, wọ́n á dá a padà sínú ilẹ̀.

Kò sí pápá ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mẹkáníìkì ló wà lẹ́yìn ògiri mi, tí òjò bá ti rọ̀, kànga á máa rùn epo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lo asẹ́ yìí, omi dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Mo dà á nù lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ́. Òórùn epo lọ pátápátá. Inú mi dùn gan-an.

Ìyá tó tà á fún mi ní, "Bàbá, títí ayé ni." Irọ́ ni! Èédú máa ń yó. Ní Cape Cod, wọ́n ń yẹ omi tó ń jáde wò, wọ́n sì ń pààrọ̀ èédú tó bá ti kún. Lọ́sẹ̀ kẹwàá, òórùn padà dé. Mo gbé ọ̀pá náà lọ bá wọn, wọ́n ní kí n ra odidi asẹ́ mìíràn. Ìyẹn dùn mí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló sáré tẹ̀lé mi síta: "Bàbá, ẹ má bínú, màá bá yín wá ọ̀pá nìkan ní Kútọnu." Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú ọ̀pá méjì wá, 3,000 fráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìràwọ̀ mẹ́rin fún asẹ́ náà, méjì fún ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi bírò kọ ọjọ́ tí mo fi ọ̀pá tuntun sí i sára ìdérí.