Ìyẹ̀fun mẹ́ta tí wọ́n ń tà n'Íbàdàn kí isu má baà dúdú: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ẹni tó ń bó isu fún oúnjẹ àríyá, tàbí tó ń gé e sínú ọ̀rá tà fáwọn tí kò ráyè bó isu nílé, mọ ìyọnu yìí dáadáa. Ọ̀bẹ kan isu, kò pẹ́, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, ó sì di bí àwọ̀ kòkó. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà oúnjẹ, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n á gbé síwájú rẹ: citric acid, fítámì C àti sodium metabisulphite. Àwọn kan á tún ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe yàtọ̀, ibi tí kálukú sì ti ń jáni kulẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà inú ohun alààyè tó ń mú kí ìyípadà tètè wáyé, tí wọ́n ń pè ní polyphenol oxidase ló ń mú isu dúdú. Yàrá ọ̀tọ̀ ló ń gbé nínú isu, àwọn èròjà phenol tó ń bá ṣiṣẹ́ sì wà ní yàrá tiwọn. Ọ̀bẹ ló ń wó ògiri àárín wọn. Tí afẹ́fẹ́ bá ti débẹ̀, ẹ́ńsáìmù á sọ phenol di quinone, àwọn quinone á sì máa so mọ́ ara wọn títí tí wọ́n á fi di dúdú. Bàbà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, ló wà ní ojú ibi tí ẹ́ńsáìmù yìí ti ń ṣiṣẹ́. Átọ́ọ̀mù méjì péré ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí wọn, kò lè ta pútú.

Citric acid ni ká kọ́kọ́ mú. Ó ń dín agbára ẹ́ńsáìmù kù nítorí pé ó ń mú kí omi máa kan: pH ni òṣùwọ̀n ìkan omi, bó ṣe ń kéré sí i ni omi ń kan sí i; bíi 6 sí 7 ló bá ẹ́ńsáìmù lára mu, tó bá ti wá sílẹ̀ dé 4 ọwọ́ rẹ̀ á ti rọ, nísàlẹ̀ 3 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ó tún ń di bàbà yẹn mú. Gíráàmù 5 sí lítà omi kan ti tó, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí kò ga ju etí lọ. Ẹ po omi náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ máa ju isu sí i bẹ́ ẹ ṣe ń gé e, kẹ́ ẹ sì fi àwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí èyí tó bá yọ orí síta ni yóò dúdú lórí. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó parí. Tí omi bá ti ń yọ̀, tí ó ti kún fún ẹ̀kọ isu, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ po òmíràn.

Òun la máa ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí àwọn oníyán gbọ́dọ̀ mọ̀. Ásíìdì kì í jẹ́ kí ohun tó so ara isu pọ̀ tú lórí iná. Isu tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀ tí wọn ò sì ṣàn á á le, ẹni tó ń gún un á sì máa bá kókó nínú odó. Omi mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó fi omi ọ̀tọ̀ sè é. Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 omi ọsàn. Ẹ ó fún ọsàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún fún lítà kan. Fún isu kan nílé, ó dára. Fún ìnáwó igba èèyàn, ta ni yóò fún ọsàn yẹn tán?

Fítámì C kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńsáìmù náà. Quinone ló ń lé bá, tó sì ń dá a padà sí phenol. Ẹ́ńsáìmù ń ṣe é, fítámì C ń tú u, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí fítámì C á fi tán. Ìdí nìyí tí isu fi lè funfun láàárọ̀ kó sì dúdú lọ́sàn-án, tí oníbàárà á wá máa pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú, ó tán ni. Ẹ pò ó mọ́ citric acid, gíráàmù 5 sí 5 nínú lítà kan: ọ̀kan ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, èkejì ń tún èyí tó bá yọ́ kọjá ṣe. Lúlúú ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá fẹ́ lo oníhóró miligíráàmù 100 á lọ àádọ́ta hóró kó tó rí gíráàmù 5, àwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi kun hóró náà á sì ràn mọ́ isu. Ike ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kì í ṣe kòkò irin, kẹ́ ẹ sì lò ó tán lọ́jọ́ náà.

Metabisulphite ló lágbára jù. Ó ń mú quinone, ó sì ń ba ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní jí mọ́. Gíráàmù 1 sí 2 nínú lítà kan, ìṣẹ́jú 5 sí 10. Orí òṣùwọ̀n ni kó ti jáde, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ó ń ba fítámì B1 inú oúnjẹ jẹ́, ó sì lè fa kí ẹni tó ní ásímà máa mí gúlegúle. Lọ́dún 1986 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n má fi í sí èso àti ewébẹ̀ tútù tí wọ́n á jẹ láìsè mọ́. Ẹni tó ń gbẹ isu fún ìyẹ̀fun funfun, tó ní òṣùwọ̀n, tó sì ń kọ ọ́ sára páálí, lè rà á. Oníbúkà, rárá. Ẹ má sì dà á lu citric acid nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì: gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ á gba ọ̀fun yín.

Ọ̀rá tí kò ní àkọlé ni wọ́n sábà ń wọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, funfun sì ni gbogbo wọn. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ èyí tó jẹ́. Ẹ kán iodine tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò sínú omi, kẹ́ ẹ bu díẹ̀ sí i. Tí àwọ̀ iodine bá dúró, citric acid ni. Tó bá ṣá, fítámì C tàbí metabisulphite ni, imú á sì sọ èyí tó jẹ́: metabisulphite ń rùn bí iná ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Metabisulphite tí kò bá rùn mọ́, tí kò sì pa àwọ̀ náà, agbára rẹ̀ ti lọ.

Iná náà ń pa ẹ́ńsáìmù yìí láì lo kẹ́míkà. Isu tí ẹ máa sè lójú ẹsẹ̀ kò nílò ìyẹ̀fun kankan. Ìṣẹ́jú mélòó kan nínú omi tó ń hó ti tó fún gígé tó bá tín-ín-rín. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́: omi tí wọ́n fi ń bọ isu gbóná, kì í hó, ẹ́ńsáìmù yè é, ó sì fi òru mọ́jú ṣiṣẹ́. Àwọ̀ àmàlà dúdú tí Ìbàdàn fẹ́ràn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá rẹ isu èlùbọ́ sínú metabisulphite yóò ṣàlàyé títí fún oníbàárà pé òun kò pò ó mọ́ láfún.

Tí isu bá ní ilà dúdú bí tàdáwà lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá, ẹ má dá ìyẹ̀fun lẹ́bi. Irin ara ọ̀bẹ tó ti dógùn-ún ló bá phenol so pọ̀. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.