Forklift tòkúnbọ̀ fún ilẹ̀ gbágungbàgun: òpó onípele méjì àbí onípele mẹ́ta?

Ẹni tó fẹ́ ra forklift tòkúnbọ̀ tí yóò máa rìn nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkúta, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ wò. JCB 926 ń gbé tọ́ọ̀nù 2.6, 930 ń gbé 3, 940 ń gbé 4. Manitou M 26-4 náà, tọ́ọ̀nù 2.6 ni, 4 tó kẹ́yìn yẹn túmọ̀ sí pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Case 586 ti Amẹ́ríkà ń gbé pọ́n-ùn 6,000, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.7. Tí a bá tò wọ́n síra, 926, M 26-4 àti 586 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àárín ẹrù ni wọ́n ń wò, bó ṣe jìnnà tó sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, níbi tí irin rẹ̀ ti dúró lóòró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Yúróòpù ń lo mìlímítà 500, àwọn mìíràn 600. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ íǹṣì 24, ìyẹn bíi 610. Pálẹ́ẹ̀tì sìmẹ́ńtì tó gùn ní mítà kan, àárín rẹ̀ bọ́ sí 500 gẹ́lẹ́. Bí ẹrù bá gùn ní mítà kan ààbọ̀, ó ti di 750. Ká ní láti àárín táyà iwájú dé ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì jẹ́ 600, ẹ̀rọ tó ń gbé kílò 2,600 tẹ́lẹ̀ kò ní lè gbé ju bíi 2,100 lọ mọ́. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá ló ti lọ yẹn.

Òpó, irin gíga iwájú tí fọ́ọ̀kì ń gùn lọ sókè, wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ìpele ni iye irin tó ń yọ jáde nínú ara wọn. Onípele méjì kò ní wàhálà: ṣéènì rẹ̀ kò pọ̀, àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀, awakọ̀ ń rí ẹnu fọ́ọ̀kì kedere. Àléébù rẹ̀ ni pé bí fọ́ọ̀kì bá ti ń gòkè ni òpó ń bá a gòkè, ó sì ga kódà nígbà tó bá wà nílẹ̀. Abẹ́ òrùlé kúkurú kò gbà á. Onípele mẹ́ta kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ká sílẹ̀, èyí tó sì ní sílíńdà àárín lè gbé fọ́ọ̀kì sókè kí òpó tó nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń já ẹrù lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ sílíńdà yẹn ń dí awakọ̀ lójú, họ́ọ̀sì àti ṣéènì pọ̀ sí i, irin rẹ̀ wúwo níwájú, bó bá sì nà tán lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ó ń mì.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo onípele mẹ́ta kan rí tí wọ́n ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni. Ọ̀dà tuntun ti bo pátákó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, èyí tó ń sọ iye kílò tí ẹ̀rọ lè gbé. Mo rẹ àkísà sínú tínà, mo ń fi nù ún díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí yọ: 3,000 nísàlẹ̀, 2,000 lókè pátápátá. Pálẹ́ẹ̀tì àpò àádọ́ta, kílò 2,500, ni ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa gbé sókè. A ò rà á. Ká ní a ò nu ọ̀dà yẹn ni, ọmọ iṣẹ́ tó máa wà á ni ìbá fara gbá a.

Tó bá jẹ́ gbangba ni yáàdì yín wà, onípele méjì ni mo ní kí ẹ rà.

Wọ́n lè fi Loadall lọ̀ yín, èyí tí JCB gbé jáde ní 1977. Apá gígùn ló ní dípò òpó: 525-67 ń gbé tọ́ọ̀nù 2.5, ó ń dé mítà 6.7. Ó ń na ẹrù kọjá kòtò, òpó kò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí apá ṣe ń nà síwájú ni agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀, àtẹ inú kábíìnì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú tépù lọ́wọ́. Ibi tó jẹ́ mìlímítà 300 nígbà tí ṣéènì wà ní tuntun kò gbọdọ̀ ju 309 lọ. Ẹ wọn ìgbọ̀nwọ́ fọ́ọ̀kì náà, ibi tó ti tẹ̀: bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ níbẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ti lọ. Fọ́ọ̀kì mìíràn ṣeé rà. Ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.